Òjé Nímú Bàálù

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé bàálù náà kọ́ mi lọ́rùn nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Kò ní òun fún mi o. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, màá ránṣẹ́ wá gbé e," bíi pé ẹnìkan máa ti Kánádà ránṣẹ́ wá sí Súrùlérè nítorí fóòmù. Orí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi ni mo gbé e sí. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún kan àbọ̀, tí eruku ń kún un, tí mo sì ń forí gbá apá ẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ mú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàálù gidi kọ́. Bàálù kékeré ni, èyí tí èèyàn máa ń dúró sórí ilẹ̀ fi rìmóòtù darí. Fóòmù funfun ni ara ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Tí ẹ bá na apá ẹ̀ méjèèjì, ó fi díẹ̀ ju fífẹ̀ ìlẹ̀kùn yàrá lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà nímú ẹ̀ tó ń yí abẹ̀bẹ̀, bátìrì wà níkùn ẹ̀, àwọn abala pẹlẹbẹ kan sì wà lẹ́yìn apá àti lẹ́yìn ìrù tí rìmóòtù máa ń ṣí sókè tàbí sílẹ̀ láti fi darí ẹ̀. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló kàn án. Ó fò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì já lulẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ló fa ti àkọ́kọ́. Ó ní atẹ́gùn ló fa ìkejì. Nígbà ìkẹta, ewé kan ò mì lórí igi, ó ní rìmóòtù ni. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tíṣà ni ò mọ̀ ọ́n kọ́. Tí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, sítóòfù ni.

Èmi náà, tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń dúró níwájú pátákó ní Yábàá, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìwúwo àti bí nǹkan ṣe ń dúró déédéé. Ẹ lè rò pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí n wo bàálù náà dáadáa. Rárá. Ìdọ̀tí ni mo kà á sí. Lọ́jọ́ tí mo pinnu láti tà á, àyè ni mò ń wá nínú yàrá, kì í ṣe ìmọ̀.

Mo ti máa ń rí àwọn ọkùnrin kan láàárọ̀ Sátidé lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sílé wa. Àwọn náà ń fò bàálù bẹ́ẹ̀. Mo nu eruku kúrò lára tèmi, mo gbé e sórí itan nínú márúwá, ó di ọ̀dọ̀ wọn.

Wọn ò ju mẹ́fà lọ. Wọ́n tẹ́ àga sábẹ́ igi, wọ́n ń jiyàn. Ẹni tó ga jù láàárín wọn nínú ariwo ni wọ́n ń pè ní Alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbọ́ títí di òní pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán bíi ti àwọn tó ń darí bàálù gidi sọ́nà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti gbé London fún ọdún méjì nígbà èwe ẹ̀, kò sì tíì padà dé láti ibẹ̀.

Mo kí wọn. Mo ní mo fẹ́ ta bàálù.

Alága fi ìka méjì mú un níbi ìrù, bí ẹni mú òkú eku. "Màdáámù, ta ló ni ín? Ọkọ yín?"

"Àbúrò mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti fò rí?"

"Ó ti já rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré. Nígbà tí mo wà ní London, irú èyí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fún. Ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i."

Mo bi í léèrè ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í: "Tẹ́ ẹ bá gbé e báyìí, ibo ló yẹ kí ìwúwo ẹ̀ pàdé sí?"

"Ìwúwo bí ti báwo? Màdáámù, bàálù ò gbọdọ̀ wúwo. Bó bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe máa fò tó. Ẹ má da ara yín láàmú. Iṣẹ́ obìnrin kọ́ nìyí. Ẹ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré."

Ká ní ó ti ní òun ò mọ̀ ni, ǹ bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n èèyàn tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀, tí ohun tó sì sọ jẹ́ irọ́ tó bẹ́ẹ̀! Nínú kíláàsì mi, ọmọ tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀, màá ní kó dúró. Mo gba bàálù mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí mo ṣe ń lọ, ọ̀kan nínú wọn tó jókòó lọ́tọ̀ tó ń so rọ́bà mọ́ apá bàálù tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Télọ̀ ni, ará Mushin, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá. Ẹ wo ibi tó máa wó sí." Òun nìkan ló mọ nǹkan tó ń ṣe lórí pápá yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo.

Mo délé, mo gbé rúlà. Mo wọn fífẹ̀ apá náà láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, mo pín in sí mẹ́rin, mo fi báírò fa àmì sí ìdá kan láti iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ìwúwo bàálù pàdé sí. Mo fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé e níbi àmì méjèèjì. Ìrù ẹ̀ wó lulẹ̀ gbì, ó sì gbá bàtà mi kan já bọ́ lórí àga.

Mo dúró síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín àbúrò mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Atẹ́gùn! Rìmóòtù! Bàálù tí ìrù ẹ̀ wúwo jù, tó bá gbéra báyìí, imú ẹ̀ á máa wo òkè, á máa lọ sókè títí agbára á fi tán nínú ẹ̀, á dúró lófuurufú níṣẹ́jú àáyá kan, á sì já. Bó ṣe já lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Mo tú ikùn ẹ̀ wò. Ẹ̀yìn pátápátá ni àbúrò mi gbẹ́ ilé bátìrì sí, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn fún ọ̀bẹ ẹ̀ láti gbẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi owó ilé kọ́ ní yunifásítì.

Mo fi bíléèdì gbẹ́ ilé tuntun fún bátìrì níwájú. Ìrù ṣì wó, ṣùgbọ́n kò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Ó kù kí n wá ohun kékeré tó wúwo fi sí imú. Kọ́bọ̀ onírin ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n ta ló ṣì ní kọ́bọ̀ onírin ní Èkó? Mo gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, mo gbìyànjú iyẹ̀pẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, ó jò. Ní Mọ́ńdè ni ọ̀rọ̀ òjé sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn tó ń bálánsì táyà máa ń kan òjé pẹlẹbẹ mọ́ etí wíìlì kí ọkọ̀ má bàa máa gbọ̀n. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe jáde báyìí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ládípọ̀, ọjà àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Mo bá ọkùnrin kan tó ń bálánsì táyà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Àwọn ògbólógbòó òjé tó ti yọ kúrò lára wíìlì fọ́n ká sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ wo lẹ gbé wá?"

"Mi ò gbé ọkọ̀ wá. Mo kàn fẹ́ díẹ̀ nínú òjé ilẹ̀ yìí ni. Bàálù ni mo fẹ́ fi bálánsì."

Ó wò mí. Ó wo báàgì mi. Ó tún wo òdìkejì títì bóyá ẹnìkan na fóònù sí wa níbì kan. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo fi àwòrán bàálù hàn án lórí fóònù mi. Ó gba fóònù náà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìrù ló ń wọlẹ̀?"

"Ìrù ni."

"Ẹ má fi òjé sí àárín o. Ẹ gbé e síwájú pátápátá. Tó bá jìnnà síwájú, díẹ̀ á tó o. Tẹ́ ẹ bá fi sí ìtòsí àárín, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo Ládípọ̀ sí i, ìrù ò ní gbéra." Ó ṣa ẹyọ márùn-ún fún mi, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, kò gba nǹkan kan.

Ohun tí mo ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀, tí mo ya àwòrán fún, tí mo fi pákó jangirọ́fà ṣàpèjúwe, ọkùnrin yìí sọ ọ́ tán kí n tó ṣẹ́jú. Kò sì dárúkọ London.

Mo fi gúlù lẹ òjé mẹ́ta mọ́ inú imú bàálù. Mo tún gbé e sórí ìka. Ó dúró. Imú ẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, bó ṣe yẹ. Mo wá fi òwú so ó kọ́ láti imú àti ìrù, mo rí i pé apá òsì ń wó, torí gúlù tí àbúrò mi ti rọ́ sí i nígbà tó ń tún un ṣe. Mo gé òjé wẹ́wẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkángun apá ọ̀tún, òun náà dúró.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo padà sí pápá. Alága rí mi láti òkèèrè. "Màdáámù tún dé! Ẹ ti rí ẹ́ńjìnnì ńlá rà?"

"Òjé ni mo rí, Ẹ̀gbọ́n."

"Òjé! Ẹ tún dì í lẹ́rù!" Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ó tún di ẹrù lé e!"

Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo lọ, torí èmi ò mọ̀ ọ́n fò. Ó gbé e sórí ìka, ó mi orí pé ó dáa. Ó tan rìmóòtù, ó sún gbogbo abala pẹlẹbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá wọ́n ń lọ síbi tó yẹ. Ó wá ní kí n jù ú, kí n jù ú tààrà, kì í ṣe sókè.

Mo jù ú. Ó lọ.

Kò lọ dáadáa lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbé imú díẹ̀, ó sì ń fẹ́ tẹ̀ sósì. Ṣùgbọ́n bàálù tó ń já lulẹ̀ kọ́ mọ́. Ó kàn dà bí ọkọ̀ tí wíìlì ẹ̀ ń fà sápá kan ni. Télọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́," ó sì fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lára rìmóòtù. Ó dún kìn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kìn. Ó ní tíríìmù nìyẹn, pé ìgbọ̀nwọ́ kan ṣoṣo ni kìn kọ̀ọ̀kan fi ń sún abala ìrù tàbí ti apá, kí ọwọ́ má bàa máa fa bàálù ní gbogbo ìgbà. Mo ní ìgbọ̀nwọ́ kẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí fífẹ̀ ojú abẹ́rẹ́ ni òun fẹ́ wí. Kìn méjì fún imú, kìn mẹ́ta fún apá. Ó wá gbé àtàǹpàkò ẹ̀ méjèèjì kúrò lórí rìmóòtù, ó nà wọ́n sókè kí n rí i.

Bàálù náà ń lọ fúnra ẹ̀. Ó gba orí góòlù kọjá, ó gba orí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ó ń lọ ní tààrà, kò gbọ̀n, kò wo òkè, kò wo ilẹ̀.

Mi ò ní purọ́, ara mi gbóná. Ẹnu mi ní, "Ó dáa." Alága tó ti dìde dúró lórí àga ẹ̀ tún jókòó. "Atẹ́gùn òní ló dáa," ló wí.

Mi ò ta bàálù náà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ náà bóyá mo ṣì ń tà á, mo wò ó bíi pé ó ní kí n ta ìyá mi. Mo ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, télọ̀ ń kọ́ mi. Mo já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́, mo tún bálánsì ẹ̀ lẹ́yìn gúlù. Láàárín oṣù méjì mo ti lè fò ó yípo pápá, kí n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan sá. Ẹgbẹ́ yẹn, tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà pípẹ́, mẹ́rin nínú wọn ò lè ṣe ìyẹn. Ìjà ni wọ́n máa ń bá bàálù wọn jà lókè, àtàǹpàkò wọn ò ní kúrò lórí rìmóòtù, òógùn á bò wọ́n, tó bá balẹ̀ wọ́n á máa gbá ara wọn lọ́wọ́ bíi pé wọ́n ti ogun dé. Mo bi ọ̀kan bóyá ó ti gbé e sórí ìka rí. Ó ní Alága sọ pé kò pọn dandan.

Ìgbà yẹn ni Alága gbé bàálù tuntun dé. Láti òkè òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó tóbi ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì, wọ́n kùn ún bíi ti ológun, ó sì ń dán. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fúnra ẹ̀ ló ti fi iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé sí ìrù ẹ̀, ó sì tún so káméra kan mọ́ ẹ̀yìn kó lè máa ya fídíò wa láti òkè.

Mo wo ìrù náà. Ẹnu mi ò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bálánsì ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi káméra sí i?"

"Tíṣà, wọ́n ti bálánsì ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é o, kì í ṣe àbúrò yín."

"Àwọn òyìnbó ò fi káméra sí ìrù ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ló fi dá mi lóhùn.

A di ojú. Ó gbàdúrà. Ilé ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá mi ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Sọ́ńdè, èmi ò ní kẹ́gàn àdúrà láé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá ìwúwo ló dá òfin tó ń darí ẹ̀, kò sì jọ lójú mi pé ó máa pa òfin náà tì láàárọ̀ Sátidé nítorí ọkùnrin tó ya ọ̀lẹ láti na ìka méjì. Alága ní kí áńgẹ́lì kan gbé e lápá ọ̀tún, kí òmíràn gbé e lápá òsì. Mo ń retí áńgẹ́lì kẹta tó máa tẹ imú ẹ̀ sílẹ̀. Kò rántí ìyẹn. A ṣàmín.

Bàálù náà sáré lórí ilẹ̀, ó gbéra, imú ẹ̀ sì kọjú sí ọ̀run lójú ẹsẹ̀. Alága ń pariwo pé, "Ẹ wo agbára! Ẹ wo agbára!" Agbára kọ́ o. Ó dúró lókè, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ń ké, ó wá fi ìrù ṣubú sẹ́yìn, ó yí dànù lẹ́ẹ̀kan, ó sì rì sínú gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Omi dúdú tà sókè.

Alága fúnra ẹ̀ ló ká ṣòkòtò sókè, tó wọ inú gọ́tà. Nígbà tó jáde, apá kan bàálù wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ìyókù wà lọ́wọ́ òsì, iná pupa ìrù ẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀. "Ayé ti rí i," ló wí. "Ayé ò fẹ́ nǹkan tó dáa."

Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sókè, mo sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ wà ní London, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń rì í nìyẹn?"

Àwọn mélòó kan bá mi rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ gba apá bàálù náà lọ́wọ́ Alága, ó wá omi mímọ́ fi ṣan ẹsẹ̀ fún un. Mi ò bìkítà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbádùn ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn. Mo sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, mo sì sín Alága jẹ.

Sátidé kejì, Alága wá lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń wò mí. Mò ń bá ìṣòro kan yí nígbà náà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, bàálù mi máa ń fẹ́ yà sósì, á sì máa gbé imú. Mo ń fi tíríìmù tún un ṣe, kìn, kìn, kìn, sọ́tùn-ún. Mo ti tẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tán lọ.

Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Alága ní, "Tíṣà, ẹ́ńjìnnì yín ń wo iwájú gan-an."

"Ibo ló yẹ kó máa wò, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọ̀tún díẹ̀. Àti ilẹ̀ díẹ̀."

Mo wò ó. "Ẹ́ńjìnnì á máa wo ọ̀tún, bàálù á máa lọ tààrà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ló ń fà á sósì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó bá wà lókè, kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá wá yà sọ́tùn-ún láìsí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀bi apá kọ́, tíríìmù ò sì lè tún un ṣe."

"Ẹni tí bàálù ẹ̀ wà nínú gọ́tà ló ń kọ́ mi níwèé," mo wí. Kì í ṣe òun ni mo sọ ọ́ fún. Àwọn yòókù ni mo sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kó lè gbọ́. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi takú. Mo tún apá lẹ̀, mo tún òjé ìkángun apá gé, mo wọn gbogbo nǹkan tó ṣeé wọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ṣe ni pípa ẹ́ńjìnnì lókè kí n wò ó, torí pé Alága ló sọ ọ́. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé ẹ má gbà, ẹ dán an wò!

Ní Tọ́sìdé kan, mo dá lọ sórí pápá lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbọ́ rédíò. Mo gbé bàálù lọ sókè dáadáa, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ó yà sọ́tùn-ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, bóyá atẹ́gùn ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wá sí mi lọ́kàn ni ojú tì mí. Atẹ́gùn! Ṣé àbúrò mi ni mo wá dà?

Mo tú wáṣà mẹ́ta, àwọn irin róbótó pẹlẹbẹ yẹn, lára fáànù wa tó ti bàjẹ́. Mo ki méjì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lápá òsì kó lè máa wo ọ̀tún, mo ki ọ̀kan sókè kó lè máa wo ilẹ̀. Mo dá tíríìmù padà sí àárín. Ní Fúráìdé mo fò ó. Mo fi agbára sí i, ó lọ tààrà. Mo yọ agbára kúrò, ó lọ tààrà. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rò ó pé kí n fi téèpù bo iwájú bàálù kí wáṣà má hàn. Mo ti gé téèpù náà tán kí n tó sọ ọ́ nù. Alága sún mọ́ wa, ó gbé bàálù mi, ó fi ojú kan imú ẹ̀. Mo ń retí kó kígbe. Mo ti gbé èsì tèmi sẹ́nu.

"Wáṣà mélòó?" ló bi mí.

"Méjì lósì. Ọ̀kan lókè."

"Ó tó." Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá mi kan ló kọ́ mi ní London. Mẹkáníìkì bàálù ni. Èmi ń gbá ilẹ̀ fún wọn níbẹ̀ ni o, mi ò mọ nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ni mo rántí nínú gbogbo ohun tó sọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ẹ má bínú. Àti ti gọ́tà."

"Èwo ni ti gọ́tà?" ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ dáadáa. Ó wá ní, láìwo ojú mi, "Mo ti tún bàálù yẹn lẹ̀. Ó wà nínú bùùtù."

A jọ gbé e jáde. Mo fi rúlà wọn apá ẹ̀, mo fa àmì. Ó tóbi jù fún ẹnìkan, ni òun bá fi ìka gbé apá ọ̀tún, èmi gbé apá òsì. Ìrù ẹ̀ wó lulẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n. A tún un gbé. Ó tún wó. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló dagun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú afẹ́fẹ́ la gbé e sí, kì í ṣe ilẹ̀." A jiyàn títí oòrùn fi mú wa. Níkẹyìn ó yọ káméra, ó dun ún bíi kí wọ́n yọ eyín ẹ̀. Iná ìrù, ó kọ̀ láti yọ ọ́. Òjé tó kù sílé mi ni mo lọ mú wá, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú nítorí iná yẹn.

Télọ̀ fẹ́ bá a fò ó lákọ̀ọ́kọ́, Alága ò gbà. Àdúrà ẹ̀ kúrú lọ́jọ́ náà. Bàálù ńlá yẹn sáré, ó gbéra wẹ́rẹ́, ó yí pápá po, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lójú oòrùn níbi tí wọn ò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni. Alága tẹ tíríìmù lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó balẹ̀, tí wọ́n yí i ká, mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé, "Mo ti sọ ọ́ fún Tíṣà láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ débí. Mo ní, ìwúwo ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìwúwo ni gbogbo ẹ̀. Ó ń bá mi jiyàn."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Télọ̀ náà ń wò mí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́nu mi tí ì bá tún gbé ọkùnrin yẹn padà sínú gọ́tà.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n," mo wí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé bàálù mi, mo sì lọ dúró lórí pápá, torí ó ti kàn mí láti fò.